Kéèkì Ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É fún Àbúrò Yín Nílé

Gbogbo ẹni tó bá rí àwòrán kéèkì tí mo ṣe fún àbúrò mi ọkùnrin nínú fóònù mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹṣin yẹn fi dúró?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí mo ṣe po fúláwà. Ẹnu mi ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdáhùn náà kò gùn: ẹṣin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kéèkì ló máa kẹ́yìn. Èmi náà ti yí i po rí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná lé kéèkì tí a fẹ́ gé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní aago méjì òru, mo ti ń fi buttercream (bọ́tà àti ṣúgà tí wọ́n lù pọ̀) pa kéèkì tó ṣì gbóná. Apá òkè yọ̀ kúrò lórí apá ìsàlẹ̀. Ẹṣin tí mo mọ lójú ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ. Àbúrò mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ ẹṣin yìí o."

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo

Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ti gba orí fóònù gbogbo èèyàn, tòun ti awò dúdú àti sìgá, ni àbúrò mi ti sọ àga oníke bàbá wa di ẹṣin. Gèlè ìyá wa ló fi ń ṣe ìjánu. Nítorí náà mi ò ronú jìnnà. Awò dúdú dé orí kéèkì. Sìgá kò bá wa débẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fẹ́ kó gbogbo Ojúde Ọba sórí kéèkì ínṣì mẹ́jọ: ààfin, onílù, agboòrùn, règbérègbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) mẹ́wàá. Á kàn dà bí àtẹ oníwọ́rọ́bọ́ ni. Ẹṣin kan, ọ̀nà aṣọ òkè tó yí ẹ̀gbẹ́ kéèkì ká, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, ó tó. Ní ti àwọ̀ aṣọ òkè, ẹ má fojú inú ṣe é. Ẹ wo aṣọ tí règbérègbé ìyá yín tàbí ti bàbá yín wọ̀ lọ́dún náà, kẹ́ ẹ mú àwọ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Kí n tó lanu sọ ọ́, ìyá mi ti dá aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ lára kéèkì.

Bí ẹṣin kò bá wu ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é fún:

- Abọ́ gàrí Ìjẹ̀bú, fún ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà. Kéèkì roboto, fondant (ṣúgà pípò tó rọ̀, tí wọ́n fi ń bo kéèkì) funfun pẹ̀lú ìlà aró létí bí abọ́ tánganran àtijọ́, bísíkíìtì tẹ́ ẹ rún kúnná lórí rẹ̀ bíi gàrí, ẹ̀pà tẹ́ ẹ fi fondant mọ. Kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Èyí ló rọrùn jù.
- Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kéèkì onígun mẹ́rin, fondant aláwọ̀ ìyeyè, bísíkíìtì roboto fún táyà.
- Pápá bọ́ọ̀lù. Àgbọn rírin tẹ́ ẹ pa láró àwọ̀ ewé, ìlà buttercream funfun. Kò nílò fondant rárá.

Bí ọjọ́ ṣe máa tò

Ká ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìbí náà:

1. Ọjọ́ Àìkú: ẹ ra nǹkan, ẹ po fondant ní ìrọ̀lẹ́.
2. Ọjọ́ Ajé: ẹ gé ẹṣin.
3. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú: ẹṣin ń gbẹ, ẹ̀yin ń sinmi.
4. Ọjọ́bọ̀: ẹ yan kéèkì.
5. Ẹtì: ẹ pa buttercream, ẹ fi fondant bò ó, ẹ lẹ aṣọ òkè.
6. Àbámẹ́ta: ẹ gbé ẹṣin lé e níbi àpèjẹ gan-an, kì í ṣe nílé yín.

Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ gbígbẹ ẹṣin. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí fondant gan.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Fún kéèkì (roboto ínṣì mẹ́jọ, méjì, tẹ́ ẹ máa tò léra):

- Bọ́tà 500 gíráàmù
- Fúláwà 500 gíráàmù
- Ṣúgà 400 gíráàmù
- Ẹyin 10
- Baking powder, ṣíbí tíì 3
- Mílíìkì olómi 120 mílílítà
- Fanílà ṣíbí tíì 2, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì rírin díẹ̀

Fún ìta rẹ̀:

- Icing sugar kílò 2 àti ààbọ̀
- Bọ́tà 250 gíráàmù míì
- Gelatin, glucose olómi, glycerine, ọ̀rá funfun tí àwọn oníkéèkì ń lò
- CMC (ìyẹ̀fun tó ń mú kí fondant gan), ike kékeré kan
- Kòkó oníyẹ̀fun, àwọ̀ oúnjẹ tó ki (kì í ṣe èyí tó ṣàn bí omi)
- Igi súyà méjì, sítírọ́ọ̀ oníke méjì

Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde á rí fúláwà, bọ́tà àti ẹyin ní ọjà Òkè-Ajé. Glucose àti CMC, ó di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan oníkéèkì. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ. Owó ọkọ̀ lásán dùn mí rí.

Ẹ kò ní òṣùwọ̀n? Ẹ ra ohun tí wọ́n ti wọ̀n. Bọ́tà oní-250 méjì ti di 500. Fúláwà kílò kan, ẹ pín in sí méjì lórí bébà. Ṣúgà oní-500, ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún, kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ife ìyá tèmi yàtọ̀ sí ife ìyá tiyín, ẹ má fi ife wọn kéèkì.

Ẹ ṣọ́ra: gelatin míì, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Bí ilé tí kéèkì ń lọ bá jẹ́ ilé mùsùlùmí, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ hàláàlì sí lára. Fondant tí wọ́n ti pò tà náà ní ohun tí wọ́n fi ṣe é lára páálí rẹ̀. Ẹ kà á. Ẹ béèrè bákan náà bóyá ẹ̀pà ń ṣe ọmọ kankan tó ń bọ̀ níbi àpèjẹ.

Fondant

Ẹ ṣe ìwọ̀n yìí lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan láti fi bo kéèkì, èkejì fún ẹṣin àti aṣọ òkè. Á ṣẹ́ kù; ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù, kò ní bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

1. Ẹ wọ́n gelatin ṣíbí ìjẹun kan sórí omi tútù 60 mílílítà. Ẹ má rò ó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó wú.
2. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó yọ́. Kò gbọdọ̀ hó. Èyí tó bá hó kì í dì dáadáa mọ́.
3. Ẹ da glucose 120 mílílítà, glycerine ṣíbí ìjẹun kan àti ọ̀rá funfun ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Ẹ rò ó títí ọ̀rá á fi yọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
4. Ẹ jọ̀ icing sugar kílò kan. Ẹ yọ ife kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò sáàárín èyí tó kù, ẹ da omi yẹn sí i, ẹ fi ṣíbí igi rò ó.
5. Ẹ dà á sórí tábìlì tẹ́ ẹ ti nù mọ́, kẹ́ ẹ máa fi èyí tẹ́ ẹ yọ sílẹ̀ gún un bí ẹni ń gún ìyẹ̀fun búrẹ́dì, títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́.
6. Ẹ fi ọ̀rá pa á lára, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọjọ́ kejì.

Tó bá ń ya lọ́wọ́ yín bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rá ló ń wá. Tó bá ń lẹ̀, icing sugar ló ń wá. Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa fi kún un.

Ẹṣin

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹṣin tó ní ìwọ̀n, tó ní ikùn àti ìdí bí ère, iṣẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ni. Ẹ ṣe ẹṣin pẹlẹbẹ tí a rí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èyí tí wọ́n fi páálí gé. Téèyàn bá dúró níwájú kéèkì, kò ní mọ ìyàtọ̀.

1. Ẹ ya ẹṣin sórí páálí, kó ga tó ínṣì márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì iwájú lẹ̀ mọ́ra, kí méjì ẹ̀yìn náà lẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n sì ki. Ẹṣin gidi lẹ́sẹ̀ tín-ín-rín. Ti kéèkì gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ alágbàṣe.
2. Ẹ mú fondant 250 gíráàmù. Ẹ po CMC ṣíbí tíì kan àti kòkó ṣíbí ìjẹun kan mọ́ ọn. Kòkó ló ń fún un ní àwọ̀ ẹṣin, ó sì ń dín adùn àdùnjù kù. Kòkó máa ń gbẹ ẹ́, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá pa ọwọ́.
3. Ẹ dé e mọ́ inú náílọ́ọ̀nù fún wákàtí kan. CMC nílò àkókò láti ṣiṣẹ́.
4. Ẹ wọ́n kọ́ńfíláwà sílẹ̀, ẹ fi igi yí i títí á fi nípọn tó mílímítà mẹ́fà. Ẹ gbé páálí lé e, ẹ fi ọ̀bẹ ẹnu ṣóńṣó gé e. Ẹ má fa ọ̀bẹ. Ẹ máa gún un lulẹ̀ ni. Ọ̀bẹ tí wọ́n fà ló ń sọ ẹnu ẹṣin di ẹnu pẹ́pẹ́yẹ.
5. Ó ṣì rọ̀. Ẹ fi omi ra igi súyà méjì, ẹ rọra fi ọ̀kan gba inú ẹsẹ̀ iwájú gòkè dé ọrùn, èkejì gba inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dé ìdí. Kí ínṣì mẹ́ta igi ṣẹ́ kù nísàlẹ̀.
6. Ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù tẹ́ ẹ ti wọ́n kọ́ńfíláwà sí. Abẹ́ fáànù ni, kì í ṣe inú oòrùn, kì í ṣe inú fìríìjì. Ẹ máa yí i padà láàárọ̀ àti lálẹ́.
7. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fi èékánná kàn án. Tó bá dún kó-kó bí abọ́, ó ti gan. Tó bá ṣì dún bùù, ẹ dá a padà sábẹ́ fáànù.

Nígbà tó bá gan tán lẹ máa tó lẹ gàárì, ẹlẹ́ṣin, fìlà àti awò dúdú mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀: CMC ìmúnú ìka kan nínú omi ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ jẹ́ kó dúró títí á fi ki. Ojú awò yẹn, fondant dúdú kékeré méjì tí kò ju ẹ̀wà lọ ni. Fún àwọ̀ dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara fondant oníkòkó, kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ dúdú sí i. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ara funfun, ẹ ó da ike àwọ̀ kan tán, ẹnu gbogbo ọmọdé á sì dúdú lọ sílé.

Ọwọ́ yín kò yá sí gbogbo èyí? Ẹṣin oníke kékeré wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi fondant dá aṣọ gàárì fún un. Kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Kéèkì fúnra rẹ̀

1. Ẹ kó bọ́tà, ẹyin àti mílíìkì jáde nínú fìríìjì ní wákàtí kan ṣáájú.
2. Ẹ fi bọ́tà pa páànù méjì, ẹ tẹ́ bébà sí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ tan oven sí 170 °C.
3. Ẹ lu bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí á fi funfun, tó sì fúyẹ́. Pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣíbí igi àti ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́.
4. Ẹ máa fi ẹyin sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lù ú kó wọlé kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bó bá já bíi wàrà tó bàjẹ́, ẹ fi fúláwà ṣíbí kan sí i, á padà bọ̀ sípò.
5. Ẹ jọ̀ fúláwà, baking powder àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì pọ̀. Ẹ rọra dà á sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú mílíìkì àti fanílà. Láti ibí, ẹ má lù ú mọ́; ẹ kàn rò ó pọ̀. Lílù tó pọ̀ ló ń mú kéèkì le bíi búrẹ́dì àná.
6. Ẹ pín in sí páànù méjèèjì, ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Ẹ má ṣílẹ̀kùn kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Ẹ fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀. Tó bá jáde láìní ẹ̀rọ̀fọ̀, ó ti jinná.

*Ẹni tí kò ní oven:* ìkòkò ńlá tó nípọn, iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ ní ìnípọn ìka méjì nísàlẹ̀, òkúta mẹ́ta pẹlẹbẹ lórí iyanrìn. Ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé páànù kan wọlé. Ó máa gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n pa ní nǹkan dúdú tí kì í jẹ́ kóúnjẹ lẹ̀. Ìkòkò gbígbẹ lórí iná máa ń ba nǹkan dúdú yẹn jẹ́. Tó bá jẹ́ èédú lẹ lò, ìta gbangba ni o. Èéfín èédú tí a kì í rí máa ń pa èèyàn nínú yàrá tó sé.

Ẹ jẹ́ kéèkì tutù pátápátá. Mo tún un sọ: pátápátá. Lẹ́yìn náà ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù, kó sùn.

Ẹ wọṣọ fún un

1. Ẹ fi ọ̀bẹ eléyín gé orí tó yọ gọngọ kúrò lára kéèkì méjèèjì. Àwọn ọmọ ilé á jẹ ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ju ìyẹn lọ.
2. Ẹ lu bọ́tà 250 gíráàmù àti icing sugar 500 pọ̀. Tí ooru bá mú, ẹ fi ọ̀rá funfun rọ́pò ìdajì bọ́tà náà. Adùn rẹ̀ dín díẹ̀, àmọ́ kò ní ṣàn.
3. Ẹ fi buttercream díẹ̀ mú kéèkì àkọ́kọ́ lórí páálí rẹ̀ (páálí gbọ́dọ̀ fi ínṣì méjì fẹ̀ ju kéèkì). Ẹ pa àárín, ẹ gbé èkejì lé e ní dídojúdé, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ di òkè.
4. Ẹ fi buttercream fẹ́lẹ́ pa gbogbo ara rẹ̀ kó gbá ẹ̀rúnrún mú. Fìríìjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kejì.
5. Ẹ yí fondant sí mílímítà mẹ́rin. Kéèkì ínṣì mẹ́jọ tó ga ní ínṣì márùn-ún nílò fondant tó fẹ̀ ní ínṣì 18. Ẹ fi igi gbé e, ẹ tẹ́ ẹ lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ òkè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tó bá ká jọ bíi ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ tún un tẹ́. Ẹ má fà á wálẹ̀, yíya ló máa ya.
6. Aṣọ òkè: ẹ gé fondant aláwọ̀ mẹ́ta sí ọ̀já tó fẹ̀ ní ínṣì kan, tó ga tó kéèkì. Bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló máa yí i ká. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi eyín ìyàrí tuntun tẹ etí ọ̀já kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú rírán tí aláṣọ òkè fi ń so ọ̀já méjì pọ̀ ló máa jáde. Ìyàrí yẹn kò wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì ń fọwọ́ kàn.
7. Ẹ gún sítírọ́ọ̀ méjì bọ orí kéèkì níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin máa wà, ẹ gé e kó dọ́gba pẹ̀lú òkè. Inú rẹ̀ ni igi súyà máa wọ̀, kó má bàa kan kéèkì.

Kéèkì tẹ́ ẹ bá ti fi fondant bò, ẹ má gbé e sí fìríìjì. Bó bá jáde, á làágùn, àwọ̀ aṣọ òkè á sì máa ṣàn wọnú ara wọn. Ibi tó tutù nínú ilé, kí ẹ fi páálí dé e nítorí eèrà. Ẹ bu omi sínú àwo, ẹ gbé abọ́ kan sáàárín rẹ̀, kí kéèkì wà lórí abọ́.

Tí nǹkan bá ti bàjẹ́

- Àárín kéèkì rì: ẹ ṣílẹ̀kùn kíá jù, tàbí baking powder pọ̀ jù. Ẹ gé orí rẹ̀ tẹ́, ẹ fi buttercream dí i.
- Fondant ya létí: ẹ fi ọ̀já aṣọ òkè bò ó. Nǹkan tí aṣọ wà fún nìyẹn.
- Afẹ́fẹ́ wú sábẹ́ fondant: ẹ fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ gún un, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
- Ẹsẹ̀ ẹṣin ṣẹ́: gọ́ọ̀mù CMC, wákàtí méjì. Bí kò bá sí àyè mọ́, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sórí kéèkì, kẹ́ ẹ ní ó ti ti Ojúde Ọba dé.

Gbígbé e dé ibẹ̀

Ọ̀kadà kọ́. Kẹ̀kẹ́ kò dára tó, eruku àti gbọ̀ngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú mọ́tò, ilẹ̀ iwájú ló tẹ́ jù. Ìjókòó dagun, itan èèyàn sì ń gbóná. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó rin díẹ̀ sábẹ́ páálí kó má bàa yọ̀. Ẹṣin ní páálí tirẹ̀, lórí fóòmù, lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í tẹ fóònù nínú ọkọ̀. Láti Ìperu dé Ìjẹ̀bú-Òde, awakọ̀ tó wà á fún mi béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ọmọ ìkókó ló wà nínú páálí.

Ẹ dé ibẹ̀ tán, ẹ gbé kéèkì kalẹ̀, ẹ ki igi ẹsẹ̀ ẹṣin bọ inú sítírọ́ọ̀, ẹ ya fọ́tò. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fa ẹṣin àti sítírọ́ọ̀ jáde. Igi méjì, sítírọ́ọ̀ méjì: ẹ kà wọ́n sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fún ọmọ kankan jẹ.